Fíùsì Etí Ìró Yèyé

Àwọn ọmọ àbúrò mi ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa Yèyé Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ́, nítorí pé èmi nìkan ló kù nínú ẹbí tó bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo ní mi ò kàwé jìnnà. Ìwé mẹ́fà àti àbọ̀ ni mo kà. Àbọ̀ yẹn, olùkọ́ ló lé mi jáde, èmi kọ́ ni mo jáde. Wọ́n ní kò burú, pé kí n ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti ga jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀ èmi àti ìgò epo, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ o. Òótọ́ ni, mo sì ti gbé e kiri pẹ́.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ta ló mọ̀ ọ́n? Lónìí Yèyé á ní ọdún tí eéṣú bo oko ni wọ́n bí òun. Lọ́la á ní ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ ni. Tí a bá ní, "Yèyé, èwo ni ká mú níbẹ̀?" á ní, "Ẹ mú èyí tó bá sọ mí di àgbà jù."

Ilé wa ní Òkèrèwè ni kí ẹ ti kọ́kọ́ rí i. Yèyé àti ìdọ̀tí, orogún ni wọ́n. Kí oòrùn tó yọ, á ti gbá ilé, á gbá iwájú ilé, á gbá títí dé iwájú ilé onílé, onítọ̀hún á jí, á máa wá ìdọ̀tí ẹ̀ tì. Ewúrẹ́ ilé wa, kó tó wọlé, ó máa ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ojú mi rí i. Àwọn ewúrẹ́ ilé kejì á dúró lóde, wọ́n á máa wo tiwa bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti Ìlú Òyìnbó dé. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí ìdọ̀tí pọ̀ díẹ̀ ná kó tó gbá a, ṣé kò rí i pé lójoojúmọ́ ló ń gbá ohun tó tún ń padà wá? Ó gbé ọwọ̀ lé èjìká, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbin kì í kan ilẹ̀kùn, ọkọ mi. Ìwọ ló yẹ kó o ti jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà."

Ọkọ mi ló ń pè mí, bí ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Àlàní ni gbogbo ayé yòókù ń pè mí.

Aṣọ kíjìpá ló ń hun nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Òfì àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń gbé dúró sára ògiri. Aṣọ tó bá ti hun, kò sí ohun tó ń ya á. Wọ́n ní ìyàwó kan ní Ìrẹmọ fi kíjìpá Yèyé pọn omi lódò nígbà tí ìkòkò ẹ̀ fọ́, tí kò sì jò títí tó fi délé. Èyí ni mi ò rí, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Ohun tí mo rí ni àpásà ẹ̀, pátákó gígùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi igi líle gbẹ́, tí àwọn ahunṣọ ń fi lu òwú kó lè fún. Ìyá tó bí i ló fi í lé e lọ́wọ́. Etí ẹ̀ ti dán bí eyín erin. Ó mú, ṣùgbọ́n kì í gé nǹkan. Nígbà tí aṣọ ṣọ́ọ̀bù gba ọjà lọ́wọ́ kíjìpá, adìẹ ń sùn lórí òfì, àpásà ṣì wà lórí ìṣó lókè ibùsùn ẹ̀, ó ń fi òróró pa á lára. Bàbá mi ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ ká fi dáná." Kò bínú. Ó kàn ní: "Òfì lè sùn. Àpásà ò gbọdọ̀ sùn."

Nígbà tí ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni Alhájì kan láti Ìwó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó jáde ní Ifẹ̀. Ike tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń rà: kẹ́ẹ̀gì jíjò, abọ́ fífọ́, sálúbàtà tó ti já, ọ̀rá omi. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, á wá di wóróworó bí àgbàdo, tí àwọn tó ń ṣe abọ́ tuntun á wá kó. Ilé Rọ́bà là ń pè é. Èmi ni mò ń tan ẹ̀rọ níbẹ̀. Àárín ilé náà ni bẹ́líìtì wà, rọ́bà dúdú gbọọrọ, ó fẹ̀ tó ẹní, ó gùn tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Wọ́n so orí ẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó ń yí lórí róólà irin méjì, ọ̀kan lókè lọ́hùn-ún, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbí, ó sì ń gbé ike lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọ̀. Àwọn obìnrin bí ogójì ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń ṣa òkúta, irin, egungun, àti àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò lè kọ sínú ìwé ẹbí. Kò sẹ́ni tó pín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ń fa ọ̀rẹ́: àwọn ará Òkèrèwè dúró sí ọ̀tún, Ìyá Ràfíù ni olórí wọn; àwọn ará Ìrẹmọ dúró sí òsì, Ìyá Bísí ni tiwọn.

Yèyé ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa lọ́jọ́ tó gbé oúnjẹ tí mo gbàgbé sílé wá fún mi. Ó dúró ti bẹ́líìtì, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

"Ta ló ń hun aṣọ yìí tí kì í tán?"

Mo ní, "Yèyé, kì í ṣe aṣọ. Bẹ́líìtì ni."

"Aṣọ ni. Aṣọ tó dọ̀tí sì ni."

Ó gba ọ́fíìsì Alhájì lọ, ó ní òun fẹ́ṣẹ́. Alhájì rọra rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí."

Yèyé ní: "Alhájì, ike tó ti gbó náà lẹ sì ń gbà wọlé."

Bó ṣe di agbálẹ̀ Ilé Rọ́bà nìyẹn. Kò pẹ́ tí ìgbálẹ̀ fi di fífọ bẹ́líìtì. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha á tẹ́lẹ̀. Yèyé kígbe bí ẹni tí wọ́n ń gé lára. Ó lọ sílé, ó mú àpásà sọ̀kalẹ̀ lórí ìṣó, ó sì fi ń ha ìdọ̀tí kúrò lára rọ́bà láìyọ ọ́ lára, láti etí dé etí. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, bẹ́líìtì á máa dán tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ kan fi rí ara ẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìjà, bẹ́líìtì gbé e lọ, ó ń jà lọ. Àwọn obìnrin ló gbà á sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí Yèyé sọ fún àkùkọ náà nìyí: "Ìwọ tí o rí ara ẹ tó o bínú, kí ni kí àwa tó ń rí ẹ lójoojúmọ́ wá ṣe?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ń bá Alhájì sọ̀rọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, "ẹ" ló ń lò fún un: "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá, ẹ wo ibí yìí." Tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, "o" ni: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Alhájì kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàṣìṣe. Nígbà tó yá, ó bi í. Yèyé ní: "Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ló sọ yín di ọ̀gá mi. Tó bá ti sùn, ọmọ àná ni ọ́." Alhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi bọ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ kí Yèyé bọ̀wọ̀ fún òun, á ní, "Àlàní, tètè tan ẹ̀rọ."

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ gèlè, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ epo.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé wà lábẹ́ róólà ìsàlẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Mi ò wò. Mo tan ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì gba gèlè pupa lórí ẹ̀. Ohun tí a rí ni gèlè tó ń bọ̀ lókè láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, ó ti ya sí méjì. Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n rò pé orí Yèyé wà nínú ẹ̀. Mo paná. Yèyé rọra jáde lábẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú irun funfun ẹ̀, kò bú mi, kò pariwo. Ó ní, "Ọkọ mi, ibo ni iná ń gbà wọnú nǹkan yìí?" Mo fi fíùsì hàn án lára bọ́ọ̀dù, ohun funfun kan tó tó àtàǹpàkò. Ó ní kí n yọ ọ́. Ó gbà á, ó fi etí ìró ẹ̀ wé e, ó ta á ní kókó méjì, ó sì padà sábẹ́ róólà lọ parí ilẹ̀ tó ń gbá.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan bẹ́líìtì mọ́ láìjẹ́ pé fíùsì wà ní etí ìró ẹ̀. Alhájì ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ fún Àlàní pé kó má tan án, ó ti tó."

Yèyé ní: "Ẹni tó fẹ́ fọ ẹnu ajá, eyín ló máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í bá ajá ṣèlérí."

Ẹ̀rù ba Alhájì náà. Ó pe jórinjórin wá, wọ́n fi ìbòrí irin bo róólà ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Ihò kékeré kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ lápá ọ̀tún, kí n máa gba ibẹ̀ fi gíríìsì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i.

Èmi ńkọ́? Mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àgbà awakọ̀ ti sọ fún mi pé irin tó bá ti tọ́ aṣọ èèyàn wò, èèyàn ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn, àfi tí wọ́n bá bá Ògún sọ̀rọ̀. Alhájì sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tí òun bá ká mọ́ ibi tó ti ń da nǹkan sídìí ẹ̀rọ òun, ilé ló ń lọ. Mo bá ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo máa gbé ìgò epo pupa mi wá, mo máa da díẹ̀ gba inú ihò yẹn sára róólà, mo máa ní, "Ògún, má jẹ Yèyé mi o." Ṣùkù àgbàdo ni mo fi ṣe ìdérí ìgò náà, mo sì wé àkísà pupa mọ́ ọn kó lè fún. Inú gèlè tó ya yẹn ni mo ti gé àkísà náà.

Ẹ̀rù kan náà ló ba àwa mẹ́ta. Alhájì mú irin, Yèyé mú fíùsì, èmi mú ìgò epo.

Kò pé oṣù mélòó kan, bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sọ́tùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ọ̀mùtí tó ń lọ sílé. Tó bá ti wọ́ dé etí, á da kẹ́ẹ̀gì àti omi ìdọ̀tí sẹ́sẹ̀ àwọn ará Òkèrèwè.

Ìyá Ràfíù ju sálúbàtà kan sílẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ìrẹmọ, kí la fi ṣe yín tí ẹ fi ń darí ẹ̀gbin sí wa lẹ́sẹ̀?"

Ìyá Bísí ò gbójú sókè. "Ẹ bi bẹ́líìtì. Bóyá ó ń lọ kí àna ẹ̀ ní Òkèrèwè."

"Ẹ ti ṣe nǹkan sí i!"

"Ká ní mo mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí rọ́bà ni, ṣé bàtà mi á já lánàá?"

Àwọn ará òsì rẹ́rìn-ín, àwọn ará ọ̀tún yọṣùtì. Nígbà tó yá, wọn ò jọ jẹun mọ́. Bí bẹ́líìtì ṣe ń burú sí i ni mo ń da epo kún un. Mo ní bóyá oúnjẹ ò yó Ògún. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ọkọ̀ Alhájì lójijì, mo sáré, ṣùkù àgbàdo bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó wọ inú ihò lọ. Mo ní kò sí wàhálà. Ta ló ń wá ṣùkù?

Yèyé ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣí ìbòrí yìí kí n rí inú ẹ̀." Alhájì á ní, "Màmá, gèlè yín ni ẹ fẹ́ wá lọ níbẹ̀?" Ó pe mẹkáníìkì láti Ìbàdàn. Ọkùnrin náà fún nọ́ọ̀tì apá kan, bẹ́líìtì rìn dáadáa fún ọjọ́ kan, ó tún padà sídìí ìwà ẹ̀. Etí ẹ̀ ti ń yọ fọ́nrán bí etí aṣọ tí eku jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Alhájì pe gbogbo wa jọ. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Tí bẹ́líìtì yìí bá ya, agbára mi ò gbé òmíràn. Tó bá di Sátidé tí kò tíì rìn tààrà, mo máa tú ẹ̀rọ palẹ̀, mo máa kó o padà sí Ìwó. Ẹ má bínú sí mi." Ìyá Ràfíù àti Ìyá Bísí wo ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan, àwọn méjèèjì ló sì ń fi iṣẹ́ náà rán ọmọ níléèwé. Èmi ń wo ẹsẹ̀ mi. Inú mi ń sọ fún mi pé, "Àlàní, sọ̀rọ̀." Ẹnu mi ní rárá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Yèyé dé pẹ̀lú àpásà lábẹ́ apá. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó rìn lọ sídìí bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń lọ bu omi mu, ó paná, ó yọ fíùsì, ó so ó mọ́ etí ìró. Ilé Rọ́bà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ tí aláǹgbá gbé itọ́ mì.

Alhájì jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ta ló pa ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni, ọmọ mi." Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ ti sùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ń bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́. Ìwọ náà lo ní o máa kó o lọ ní Sátidé. Ṣé ẹ̀gbin Ifẹ̀ lo fẹ́ gbé dé Ìwó? Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ fún ẹ, kí wọ́n má bàa ní a ò kọ́ ẹ nílé."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"Ẹ mú fíùsì wá, Màmá."

"Ó wà létí ìró mi. Wá tú u."

Alhájì wo etí ìró. Ó wo àwọn obìnrin. Ọkùnrin wo ló máa na ọwọ́ sí etí ìró ìyá àgbà lójú ogójì obìnrin? Ó ní, "Sùbúhánálláì," ó sì jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì kan.

Yèyé kọjú sí mi. "Àlàní, tú nọ́ọ̀tì ìbòrí yẹn fún mi."

Kì í pè mí ní Àlàní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, spánà ń kọrin lára irin. Bí ìbòrí ṣe ṣí, òórùn epo tó ti kan jáde. Róólà náà, òsì ẹ̀ mọ́ fòò. Ọ̀tún ẹ̀, epo, iyanrìn àti ọ̀rá ti dì pọ̀ mọ́ ọn yíká, ó nípọn tó òkèlè ẹni tó ń fi òkèlè mẹ́ta jẹ iyán odó kan tán.

Yèyé ti àpásà bọ abẹ́ ẹ̀, ó ń ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ewé lára mọ́ínmọ́ín. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é. "Ẹ wá wò ó, gbogbo yín. Nígbà tí mò ń hunṣọ, tí ẹ̀gbẹ́ kan igi òfì bá fi lè tóbi ju èkejì, ibẹ̀ ni aṣọ ń fà lọ. Kò sẹ́ni tó pè é. Igi ló sanra lápá kan."

Ìyá Bísí gbọ́wọ́ sókè. "Ìrẹmọ bọ́ o! Ẹ ti gbọ́?"

"A ti gbọ́," Ìyá Ràfíù ní, imú ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. "Ṣùgbọ́n epo pupa ni mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀ yìí. Ta ló gbé epo débẹ̀?"

Àkókò yẹn gan-an ni àpásà fa ṣùkù àgbàdo jáde, pẹ̀lú àkísà pupa lára ẹ̀. Yèyé gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó yí i padà. Ó fi ọwọ́ kejì kan orí ara ẹ̀, ibi tí gèlè pupa máa ń wà. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo ń dúró kó wò mí. Kò wò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù láyé mi.

Alhájì ti dìde. "Màmá, kí lẹ rí yẹn?"

"Ṣùkù àgbàdo. Wọ́n ń jẹ àgbàdo lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í palẹ̀mọ́." Ó sì so ó mọ́ etí ìró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíùsì.

"Ta ló wá fa gbogbo èyí?"

Yèyé nu àpásà mọ́ ìró ẹ̀, ní sùúrù. Ó ní: "Ẹ̀gbin ni, ọmọ mi. Ẹ̀gbin ò ní àdúgbò. Ibi tí wọ́n bá ti ń bọ́ ọ ló ń gbé."

Nígbà tí róólà mọ́ tán, ó dá fíùsì padà fúnra ẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tan án." Bẹ́líìtì gbéra. Yèyé gbé agolo aáṣáà ẹ̀ sí àárín ẹ̀ gan-an, ní ìsàlẹ̀. Agolo ń lọ. Àwọn obìnrin ń bá a rìn ní ọ̀tún àti òsì, wọn ò mí. Alhájì ń tẹ̀lé e, ètè ẹ̀ ń mì. Agolo dé òkè, àárín gbùngbùn, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ìyá Ràfíù dì mọ́ Ìyá Bísí, wọ́n ṣubú lu òkìtì ọ̀rá. Yèyé gbé agolo, ó fín aáṣáà, ó sín, sálúbàtà mẹ́fà fò bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́líìtì. Ẹ lè yọ méjì níbẹ̀.

Sátidé kọjá, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìwó. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, a máa ń ṣí ìbòrí, a máa ń ha róólà, a máa ń fọ bẹ́líìtì. Yèyé ní kí àwọn obìnrin máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lójoojúmọ́, kí òun mọ ẹni tí àna bẹ́líìtì jẹ́. Iṣẹ́ gbogbo èèyàn ń yí, tèmi nìkan ni kì í yí. Tí mo bá ti mú àkísà, á ní, "Ọ̀tún ni tìẹ, ọkọ mi." Ìyẹn nìkan ló sọ nípa ọ̀rọ̀ náà. Àfi ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tí mo lọ yọ ìgò epo mi níbi tí mo fi pamọ́ sí lẹ́yìn ilé, kí n lè lọ dà á nù. Wọ́n ti fọ ìgò náà. Mo gbọ̀n ọ́n, ó hó. Omi ọṣẹ ló kún inú ẹ̀.

Báyìí la ṣe ṣe é fún ọdún mélòó kan, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí Yèyé ò jí gbálẹ̀. Nígbà tí mo rí iwájú ilé tó dọ̀tí, mo ti mọ̀ kí n tó wọlé. Ó sùn lọ ni, ojú ẹ̀ mọ́, èékánná ẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí àwọn tó wẹ̀ ẹ́ rí fọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Alhájì wá kí wa. Ìyá Ràfíù àti Ìyá Bísí tẹ̀lé e. Ó jókòó, ó ṣàdúà, ojú sì ń tì í. "Àlàní, mi ò fẹ́ dárúkọ iṣẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò tàn."

Mo wo ìró Yèyé lórí ìṣó, èyí tó lò ní Sátidé. Ìyá Bísí ló mú un wá. Kókó wà létí ẹ̀. Ìyá Ràfíù tú u: fíùsì bọ́ sílẹ̀, ṣùkù àgbàdo gbígbẹ kan tó wé àkísà pupa sì bọ́ tẹ̀lé e.

Ìyá Ràfíù fò sẹ́yìn. "Yéè! Oògùn ni!"

Ìyá Bísí bo ẹnu. "Àṣé ohun tó fi mú bẹ́líìtì dúró tààrà nìyí? Àwa rò pé àpásà ni!"

Alhájì ti fa agbádá ẹ̀ sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ifẹ̀ á ti gbọ́ pé olóògùn ni Yèyé mi, pé gbogbo ìdọ̀tí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ha kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹnu mi tó ti ń sọ rárá láti ọjọ́ yìí, òun náà ló là.

"Ìdérí ìgò epo mi ni," mo ní. Mo sọ gbogbo ẹ̀: gèlè, Ògún, ihò, ọjọ́ Ajé, ìgò epo. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Bóyá ìyẹn ni ìgbà kan ṣoṣo láyé mi.

Nígbà tí mo parí, Ìyá Ràfíù ní, "Àlàní! Ìwọ lo da ẹ̀gbin sí wa lẹ́sẹ̀!" Ìyá Bísí ní, "Ọmọ Òkèrèwè ni! Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀!" Alhájì gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà, ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń ka nǹkan.

"Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé ẹni tí mo bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ilé ló ń lọ. Àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀." Ó wo òrùlé wa, ó wo ògiri wa, ó wo ẹní tí mo jókòó lé. "O sì ti wà nílé. Ó parí. Lọ́la, kó o tètè dé." Ó mú fíùsì nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ sunkún, mo wá rẹ́rìn-ín, ẹ má bi mí èwo ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó tan ẹ̀rọ, mo gbé àpásà lọ sí ìdí róólà ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kì í ró ìró, okùn ṣòkòtò mi ni mo so fíùsì mọ́, kókó méjì. Ìbòrí ṣí. Ìdọ̀tí Sátidé ò tó nǹkan; mo ti tètè kúrò lọ́jọ́ náà, Yèyé ti fọ̀ ọ́ kó tó lọ sílé, òsì mọ́, òkè mọ́, ìsàlẹ̀ mọ́. Ibì kan péré ló fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, bó ṣe máa ń fi sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀tún ni tìẹ, ọkọ mi.